50 tí kì í ṣe 50

Nínú iṣẹ́ rédíò, nọ́ńbà 50 ni gbogbo wa ń lé kiri: 50 óòmù ti impedance, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń ṣèdíwọ́ fún iná tó. Kébù ni o, 50 óòmù ni. Ẹnu tránsmítà ni o, 50 óòmù ni. Bí ẹ́ríà (áńtẹ́nà) náà bá ti lè jẹ́ 50, ọkàn balẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ nígbà tí mítà bá ti kọ 50 sójú, tí a ó gbowó iṣẹ́, tí a ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n 50 kan wà tí kì í ṣe 50. Ẹni tó bá fi òun ṣírò SWR (òṣùwọ̀n bí ẹ́ríà ṣe bá kébù mu tó, 1 ló dára jù) á ní kò síyọnu, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó dé ìdí ẹ́ríà ló ń ṣẹ́rí padà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà síbí: Òmídà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Abẹ́òkúta níbí. Wókì-tókì àwọn ẹ̀ṣọ́, rédíò inú mọ́tò, ẹ́ríà orí òrùlé ilé iṣẹ́, ìwọ̀nyí ni mò ń tún ṣe. Bí ẹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n wá, màá júwe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn fún yín. Àǹtí Rédíò ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, títí kan àwọn tó dàgbà jù mí lọ.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan ní Òkè-Ìléwó ló pè mí. Bí wọ́n bá fi rédíò ọ́fíìsì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ní Láfẹ́nwá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á máa já lẹ́nu, á máa ṣe kàràkàrà, títí ẹ̀ṣọ́ á fi yọ fóònù jáde tí á fi owó ara rẹ̀ pe ọ̀gá. Nǹkan bíi 150 MHz ni wọ́n ń lò. 25 wáàtì ni rédíò náà ń gbé jáde. Ẹ́ríà wà lórí òpó, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 30 mítà kébù tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní RG-58, ló sì so òkè mọ́ ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ti dájọ́ kí n tó jókòó. “Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ni kẹ́ ẹ tú. Ẹ́ríà kò ní nǹkan kan. Ẹni tó wá kẹ́yìn wọ̀n ọ́n níṣojú mi, 1.3 ló kà.”

Mo so mítà tèmi mọ́ ọn lórí tábìlì, 1.3 náà ni mo bá. Bàbá kò purọ́. SWR 1.3 kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń bínú sí. Ọ̀pọ̀ rédíò kò ní fura sí nǹkan kan títí á fi tó 2, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ agbára sẹ́yìn láti dáàbò bo tiransísítọ̀ inú wọn. Ṣùgbọ́n mítà tó wà lórí tábìlì, kébù ló ń wò, kì í ṣe ẹ́ríà. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gòkè ná, sà.” Ó wo òkè, ó wo orúnkún rẹ̀, ó ní kí àwa máa lọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣáájú. Yunifásítì ló ti ń bọ̀, ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láàárín ọdún ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé NanoVNA jáde, ẹ̀rọ kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, tí a fi ń wọn ẹ́ríà àti kébù, ó fi open, short àti load, àwọn orí kékeré mẹ́ta tí a fi ń mú òṣùwọ̀n rẹ̀ tọ́, tún un ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ, ó yọ kébù kúrò nídìí ẹ́ríà, ó so ẹ̀rọ náà mọ́ ibẹ̀ tààrà. Oòrùn ti gbóná lórí pánù. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú ẹ̀rọ kó lè rí i kà, ó sì pariwo:

“Àǹtí, 50 ni! 50 géérégé! SWR 1 nìyẹn o!”

|Z| nìkan, ìyẹn àpapọ̀ ìwọ̀n impedance, ló ṣí sójú ẹ̀rọ. Mo ní kó yí i sí R àti X, apá méjì tó wà nínú rẹ̀. Ó yí i. Ohun tó jáde ni 30 + j40.

Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ẹ fi 30 lọ́po ara rẹ̀, 900. Ẹ fi 40 lọ́po ara rẹ̀, 1600. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 2500. Square root rẹ̀, 50. Kébù wa, 50. 50 pín sí 50, ọ̀kan.”

Ìṣírò rẹ̀ kò ní àbùkù títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ìjà mi.

30 tó wà níwájú ni R, apá tó ń jẹ agbára: ohun tí ẹ́ríà ń tú sínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ń di ooru. 40 tó ní j lára ni X, tí wọ́n ń pè ní reactance. Òun kì í jẹ agbára rárá. Ńṣe ló ń gbà á, tó ń dá a padà, tó tún ń gbà á, nínú yíyípo ìgbì kọ̀ọ̀kan. Fólítéèjì àti kọ́rẹ́ńtì kì í dé orí góńgó lẹ́ẹ̀kan náà nínú rẹ̀; ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo ló wà láàárín wọn. Ìyẹn ni j ń sọ. Kébù tiwa ní tirẹ̀, 50 + j0 ni, kò ní j kankan lára. Bí ìgbì bá ń bọ̀ nínú kébù, fólítéèjì rẹ̀ àti kọ́rẹ́ńtì rẹ̀ jọ ń rìn ni, òṣùwọ̀n 50 ló sì wà láàárín wọn. Nígbà tó bá wá kan ohun kan tí kò gbà kí méjèèjì jọ rìn, apá kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni méjì dúró ní oríta Sápọ́n. Ọ̀kan rin àádọ́ta ìṣísẹ̀ gba ọ̀nà Ìtòkú, èkejì rin àádọ́ta ìṣísẹ̀ gba ọ̀nà Aké. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe jìnnà sí oríta tó, àádọ́ta ni màá sọ fún àwọn méjèèjì. Ṣé wọ́n wá dúró sójú kan náà ni? |Z| kò sọ ju bí o ṣe jìnnà sí oríta lọ. Ohun tí SWR fẹ́ mọ̀ ni bí lóòdù, ìyẹn ohun tó wà lẹ́nu kébù, ẹ́ríà nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ṣe jìnnà sí kébù.

Mo yọ ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ògiri tó yí orí òrùlé ká:

Γ = (ZL − Z0) ÷ (ZL + Z0)

ZL ni lóòdù, Z0 ni kébù, Γ sì ni ìpín fólítéèjì tó ń padà sí èyí tó ń lọ. Àyọkúrò ni kí á kọ́kọ́ ṣe, pẹ̀lú j lọ́wọ́, kí á tó wá gígùn, ìyẹn ìṣírò square root yẹn. Ọmọ iṣẹ́ mi ti wá gígùn kó tó yọ nǹkan kan kúrò, ibẹ̀ ni j ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lókè: 30 + j40 − 50 = −20 + j40.
Nísàlẹ̀: 30 + j40 + 50 = 80 + j40.

Nísinsìnyí ni a ó wá gígùn. Ti òkè: 400 àti 1600 jẹ́ 2000, square root rẹ̀ jẹ́ 44.7. Ti ìsàlẹ̀: 6400 àti 1600 jẹ́ 8000, square root rẹ̀ jẹ́ 89.4. Ẹ pín 44.7 sí 89.4, ó di 0.5. Ìyẹn ni |Γ|. Lẹ́yìn náà:

SWR = (1 + |Γ|) ÷ (1 − |Γ|) = 1.5 ÷ 0.5 = 3.

Mẹ́ta. Kì í ṣe ọ̀kan. Agbára tó ń ṣẹ́rí padà sì ni |Γ| lọ́po ara rẹ̀: 0.5 lọ́nà 0.5, tó jẹ́ 0.25.

Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣe é lórí kakulétọ̀ fóònù tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ j, ẹ fi R pe 30, ẹ fi X pe 40, kí ẹ sì ṣe é báyìí lẹ́ẹ̀kan:

|Γ|² = [(R − Z0)² + X²] ÷ [(R + Z0)² + X²]

2000 pín sí 8000, 0.25, square root rẹ̀ 0.5. Kò sí ibi tí j ti lè já bọ́ nínú èyí, ó ti wà nínú X². Èmi fúnra mi, èyí ni mo máa ń lò lórí òrùlé.

Ọmọ náà wo ògiri títí. Ó ní, “Àǹtí, ṣùgbọ́n nínú ìwé wa, SWR ni lóòdù pín sí kébù.” Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú máa ń fò: lóòdù tí kò ní reactance. Bí lóòdù bá jẹ́ 150 óòmù lásán, 150 pín sí 50 jẹ́ 3, ó tọ́. Bó bá jẹ́ 16.7 lásán, a ó yí ìpín náà padà, 3 náà ni. Kí X tó wọlé, ọ̀nà àbùjá náà ṣeé rìn. Tí X bá ti wọlé, ẹ padà sójú títì.

Mo bi í ní ìbéèrè kan kó lè dá ara rẹ̀ lóhùn. Ká ní kò sí ẹ́ríà níbẹ̀ rárá, pé kàpásítọ̀ kan tí reactance rẹ̀ jẹ́ 50 óòmù la so mọ́ ẹnu kébù, −j50. |Z| rẹ̀ ń kọ́? 50. Ṣé kàpásítọ̀ ń jẹ agbára? Kì í jẹ. Ibo wá ni agbára tí a rán sí i yóò gbà lọ? Ó dákẹ́ díẹ̀. “Gbogbo rẹ̀ á padà.” Ẹ fi sínú ìṣírò: lókè, 2500 àti 2500, nísàlẹ̀, 2500 àti 2500, |Γ| jẹ́ 1, SWR kò lópin. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi |Z| pín, ọ̀kan géérégé ni. Láti ọ̀kan dé àìlópin, lórí |Z| kan náà!

Nǹkan mìíràn tún wà nínú j tí SWR kì í sọ fún ni, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. 30 − j40 náà yóò fún yín ní SWR 3. X² kò mọ àròpọ̀ yàtọ̀ sí àyọkúrò. Ẹni tó ní mítà SWR nìkan mọ̀ pé nǹkan kò dára, ṣùgbọ́n kò mọ ìhà tó wà. Ẹni tó rí + j40 mọ̀ pé ọ̀pá ẹ́ríà ti gùn jù fún frequency tó ń lò, kó gé e. Ẹni tó rí − j40 mọ̀ pé ó kúrú, kó má tilẹ̀ sún mọ́ ayùn. Mo ti rí àwọn tó ń gé ọ̀pá tó ti kúrú tẹ́lẹ̀, SWR ń lọ sókè, wọ́n ń sáré gé e sí i.

Ìgbì ní 150 MHz gùn ní mítà méjì nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, irin ẹ́ríà sì sábà máa ń kúrú sí i ní bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá tó wà lórí òpó yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó dájú pé frequency tó kéré sí èyí ni wọ́n tà á fún. Àwọn ọ̀pá mẹ́rin ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú ẹ́ríà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e géérégé, nǹkan bíi 36 óòmù ni R rẹ̀ máa ń jẹ́. Bí ẹ bá tẹ àwọn ọ̀pá ìdí náà wá sílẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n 45 digirí, á gòkè súnmọ́ 50.

Kí á tó fọwọ́ kan ayùn, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá, nítorí mo mọ̀ pé 1.3 yẹn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Mo fi kébù òkè sílẹ̀ láìso ó mọ́ ẹ́ríà. Mo wá so NanoVNA mọ́ ẹnu kébù nísàlẹ̀, lórí tábìlì rẹ̀. Mi ò tẹ tránsmítà o, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sí ẹ́ríà. Mo ní, “Ẹ bá mi kà á, sà.”

Ó gbé awò rẹ̀ sójú. “1.67.”

“Kò sí ẹ́ríà lórí rẹ̀ báyìí o, sà.”

“Kò sí kíní?”

“Mo ti tú u. Kébù nìkan lẹ ń wò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.”

Bàbá yọ awò. Ó fẹ́ mọ ìdí tí òfìfo fi lè dà bí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó béèrè, torí àwọn mìíràn á ní mo fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ́ àwọn jẹ.

Kébù tín-ín-rín yẹn ní 150 MHz ń jẹ nǹkan bíi 6 dB nínú 30 mítà. 6 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń gúnlẹ̀. Nínú 25 wáàtì tó kúrò lórí tábìlì, nǹkan bíi 6.3 ló dé òkè. Bí kò bá sí ẹ́ríà, gbogbo 6.3 náà á ṣẹ́rí, kébù á tún bù ú jẹ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bíi 1.6 wáàtì ló máa kù tí mítà máa rí. Mítà wá rí 25 tó ń lọ àti 1.6 tó ń bọ̀, ó ní kò burú. |Γ| tó wà lókè jẹ́ 1, ṣùgbọ́n lójú mítà nísàlẹ̀, 0.25 ni, òun ló sì bí 1.67 yẹn.

Ẹ ṣe é fún ẹ́ríà 30 + j40 wa. |Γ| lókè, 0.5. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, a ó fi 10^(−A ÷ 10) lọ́po rẹ̀ (power inú ìṣírò ni ^, kì í ṣe agbára wáàtì), A ni dB tí kébù ń jẹ ní àlọ nìkan. Fún 6 dB, 0.25 ni. 0.5 lọ́nà 0.25 jẹ́ nǹkan bíi 0.126. SWR rẹ̀ jẹ́ 1.126 pín sí 0.874, tó jẹ́ 1.29. Èyí ni 1.3 bàbá. Mítà rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹni tó wọ̀n ọ́n kò purọ́, kébù ló ń fi àtíkè bo ojú ẹ́ríà.

Agbára tó wá wọ inú ẹ́ríà gan-an ń kọ́? 6.3 ló dé ibẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣẹ́rí, 4.7 wáàtì ló kù. Bàbá ń ra 25, ó ń lo 4.7. Èyí ló yé e kíá, ju gbogbo Γ tí mo ti kọ sára ògiri lọ.

Bí ẹ bá wá nílò láti ṣírò ti òkè láti ìsàlẹ̀, ẹ yí i padà: ẹ fi 10^(A ÷ 10) lọ́po |Γ| tí ẹ rí lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ A lóòótọ́. Kébù tí omi òjò ti wọ̀, tí àwọ̀n wáyà bàbà inú rẹ̀ ti dúdú, ń jẹ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ohun tó sì jọ mí lójú jù ni pé bó ṣe ń bàjẹ́ sí i ni SWR rẹ̀ ń rẹwà sí i lórí tábìlì. Nítorí náà, tí kọ́sítọ́mà bá sọ fún mi pé SWR òun ti dínkù fúnra rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, mi ò kí i kú oríire.

Àwọn kan á ní agbára tó bá ti ṣẹ́rí ti ṣòfò pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Bí kébù kò bá jẹ nǹkan, tí tuner sì wà nísàlẹ̀ tó ń dá ìgbì náà padà sókè, á tún lọ bá ẹ́ríà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kébù ń gba owó ibodè ní àlọ àti ní àbọ̀. Nínú kébù nípọn kúkúrú, SWR 3 kì í pa ẹnikẹ́ni. Nínú 30 mítà RG-58, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kébù fún ìgbà díẹ̀, nítorí orúkọ SWR gan-an wá láti ibi ìgbì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ tí wọ́n pàdé. Níbi tí wọ́n ti gbe ara wọn, fólítéèjì ga. Níbi tí wọ́n ti tako ara wọn, ó lọ sílẹ̀. Àwọn ibi náà kì í sì ṣí kúrò lójú kan. Ká ní kébù kò jẹ nǹkan kan, tí 25 wáàtì sì ń lọ sókè. Fólítéèjì ìgbì tó ń lọ jẹ́ 35.4. Èyí tó ń bọ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ibi tó ga jù jẹ́ 53 fólítì, ibi tó rẹlẹ̀ jù jẹ́ 17.7. Ẹ pín in: 3. Ibo wá ni? Γ ti 30 + j40 yìí, bí ẹ bá ṣe ìpín náà tán pẹ̀lú j, jẹ́ +j0.5 gan-an, igun rẹ̀ jẹ́ 90 digirí. Ibi tó ga jù wà ní ìdá kan nínú mẹ́jọ gígùn ìgbì sí ẹ́ríà. Velocity factor kébù yìí, ìyẹn bí ìgbì ṣe ń yára nínú rẹ̀ sí ti afẹ́fẹ́, jẹ́ 0.66, ìgbì inú rẹ̀ gùn ní 1.32 mítà, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 16.5 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tó rẹlẹ̀ jù wà ní 49.5.

Tí ẹ bá gé kébù náà ní 16.5 sẹ̀ǹtímítà sí ẹ́ríà tí ẹ sì wo ibẹ̀, ẹ ò ní rí j kankan mọ́. 150 óòmù lásán ni ẹ máa rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún ọjọ́ tí ẹ́ríà kò bá ṣeé gé, torí ẹ lè lo kébù 75 óòmù, ti tẹlifíṣọ̀n, gígùn rẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì, láti yí 150 yẹn padà: 75 lọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 5625, ẹ pín in sí 150, 37.5. SWR rẹ̀ sí 50 jẹ́ 1.33. Kì í ṣe 1, ṣùgbọ́n ó sàn ju 3 lọ fíìfíì. Kìkì pé kébù tẹlifíṣọ̀n tí fóòmù wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ 0.66, 0.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e.

Phillip Smith, tó ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, gbé àtẹ kan jáde ní 1939 tó kó gbogbo eléyìí sójú kan. Lórí àtẹ náà, 30 + j40 wà lókè ìlà róbótó kan, 30 − j40 wà nísàlẹ̀ rẹ̀, 150 wà lápá ọ̀tún, 16.7 wà lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ SWR 3. Bí ẹ bá ń rìn lórí kébù, ẹ̀ ń yí po lórí ìlà náà ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Láti fi ṣiṣẹ́, mo fẹ́ràn kakulétọ̀.

A padà sókè. Ọmọ náà gé ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n, ó ń gé, X ń sọ̀ kalẹ̀ láti 40 bọ̀ sí 25, sí 10, ó kọjá òdo díẹ̀, mo ní kó gbé ayùn jù sílẹ̀. A tẹ àwọn ọ̀pá ìdí wá sílẹ̀. Ó dúró ní 47 − j6. Kò dúró dè mí kó tó ṣírò rẹ̀: lókè 9 àti 36, nísàlẹ̀ 9409 àti 36, |Γ| 0.069, SWR 1.15. Mo bi í pé |Z| ń kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Mo bá bàbá sọ̀rọ̀ lórí kébù. Kò fẹ́ ra òmíràn, mo sì mọ ìdí. Owó kébù nípọn kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n 4.7 ṣì ń dùn ún. A gbé RG-213 wọlé, tó ń jẹ nǹkan bíi 2.6 dB nínú 30 mítà kan náà, mo fi lẹ́ẹ̀dì lẹ kọnẹ́tọ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo fi téèpù rọ́bà wé ti òkè kí òjò má bàa ráyè. Nígbà tí a parí, ó wo mítà orí tábìlì rẹ̀. 1.3 tẹ́lẹ̀, 1.1 báyìí.

“Àǹtí, ṣé ìwọ̀nyí ni owó mi lọ?”

Mo ní kó tẹ rédíò. Láfẹ́nwá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn mọ́, a gbọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó ọjà lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ náà. Nǹkan bíi 13.7 wáàtì ló ń dé òkè báyìí, ẹ́ríà sì ń gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìlọ́po mẹ́ta yẹn, 1.3 sí 1.1 ló jọ lójú mítà. Bàbá san owó, ó sì ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan kúrò níbẹ̀. Mo gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ mú kébù 75 óòmù, kí lóòdù yín jẹ́ 100 − j50. Mo rí |Γ| 0.307, SWR 1.89. Bí tiyín bá jẹ́ 1.49, |Z| ni ẹ fi pín; ẹ padà sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ yọ 75 kúrò kí ẹ tó wá gígùn.